Ìwé gbèsè Àlàájà àti àká dátà mi

Àlàájà ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka kan nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí a bá ta ọjà tó báyìí lóṣù kan, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀?"

Aṣọ ni wọ́n ń tà: léèsì, àǹkárá, aṣọ òkè, gèlè. Ìsọ̀ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan wà ní Ṣàgámù, ọmọ wọn obìnrin ló ń mójú tó ti Ṣàgámù. Èmi ni wọ́n pè pé kí n bá wọn kó ọjà títà ìsọ̀ méjèèjì jọ sójú kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ní dátà wọn ni mo fẹ́ bá wọn tò, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ti oṣù yìí ò tíì tán lórí fóònù. Mo wá ní kí wọ́n rò ó bí àká, ibi tí àgbẹ̀ ń kó èrè oko sí kó lè mọ ohun tó ní. Àwa oníṣẹ́ ń pè é ní data warehouse. Ẹ̀rọ tó wà nídìí owó ní ìsọ̀ kò mọ̀ ju kó kọ títà sílẹ̀ lọ. Àká lẹ lè bi pé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, léèsì wo ló ń yá ní Ṣàgámù tí kì í yá ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ jẹ́ kí n mú rìsíìtì kan jáde nínú àwọn tó dójú tì mí lọ́jọ́ tí Àlàájà fi ìka kan nọ́ńbà yẹn. Obìnrin kan ra aṣọ: léèsì ₦180,000, àǹkárá ₦60,000, gèlè ₦40,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦280,000. Ó san ₦150,000 lọ́jọ́ tó gbé e, ó fi ₦130,000 tó kù ránṣẹ́ láti báńkì lọ́sẹ̀ kejì. Table méjì ló wà nínú àká mi, àtẹ tó ní ìlà tó dùbúlẹ̀ àti òpó tó dúró. Ọ̀kan ni ti aṣọ tí wọ́n tà, ìlà mẹ́ta ni rìsíìtì yìí ní níbẹ̀. Èkejì ni ti owó tó wọlé, ìlà méjì ló ní níbẹ̀. Mo fi nọ́ńbà rìsíìtì so méjèèjì pọ̀ nínú SQL, èdè tí a fi ń bi àká ní ìbéèrè, mo kọ JOIN, àṣẹ tó ń so table pọ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà ò ké, kò sọ pé mo ṣì í. Àmọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan ti lọ pàdé owó kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lọ́nà méjì, ìlà mẹ́fà. Ọjà ₦280,000 di ₦560,000. Owó tó wọlé, tí òun náà jẹ́ ₦280,000, di ₦840,000.

Mo ti dán an wò tẹ́lẹ̀ o. Rìsíìtì mẹ́wàá ni mo mú, iye ọjà títà nìkan ni mo sì yẹ̀ wò. Gbogbo wọn pé, torí àwọn tó sanwó lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwọn tó ń san án díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó ń ra ẹgbẹ́jọdá, àwọn yẹn ló sì ń ra ọjà tó pọ̀ jù. Ìwé gbèsè Àlàájà ló tú mi fó. Ìwé aláwọ̀ búlúù kan ni, etí rẹ̀ ti jẹ tán. Wọ́n ṣí i, wọ́n ka orúkọ obìnrin yẹn àti iye tó san lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọjọ́ ńkọ́, ó wà níbẹ̀.

Ralph Kimball, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ láti to àká, ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn, grain. Wóró ọkà nìyẹn. Ó ní kí èèyàn tó to table rárá, kó ti mọ ohun tí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ dúró fún. Mo ti kà á, mo tiẹ̀ ti kọ́ ẹlòmíì. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń kọ gbólóhùn kan sórí table kọ̀ọ̀kan: "Ìlà kan níbí ni aṣọ kan lórí rìsíìtì kan." "Ìlà kan níbí ni owó kan tí oníbàárà san lẹ́ẹ̀kan." Bí gbólóhùn méjì kò bá bára mu, mi ò ní so wọ́n pọ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ ro table méjèèjì, kálukú lọ́tọ̀, di ìlà kan fún rìsíìtì kọ̀ọ̀kan.

Kíkó dátà wọlé sínú àká náà ní wàhálà tiẹ̀. Òru ni mo máa ń kó fáìlì ìsọ̀ méjèèjì wọlé. Lóru ọjọ́ kan iná lọ, ẹ̀rọ kú láàárín iṣẹ́. Nígbà tí iná dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohun tó ti wọlé kí iná tó lọ tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ mi kọ́kọ́ máa ń pa gbogbo ìlà ọjọ́ tí mo fẹ́ kó rẹ́, kó tó kó wọn wọlé tuntun. Bí mo bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iye kan náà ni yóò jẹ́. Fáìlì bó ṣe dé láti ìsọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, ó ní ibi tí mò ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ìyẹn ló yọ mí nígbà tí mo rí i pé ohun tí mo fi ṣí fáìlì ti jẹ odo iwájú nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà, 080 ti di 80. Ká ní mo ti da ojúlówó nù ni, mi ò bá tún lọ máa bẹ àwọn ọmọ ìsọ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ìjẹ̀bú-Òde ń kọ òdindi àǹkárá kan sílẹ̀ bí 1. Ṣàgámù ń kọ ọ́ bí 12, torí yáàdì méjìlá ni. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wí kiri pé àǹkárá ń tà ní Ṣàgámù bí ẹni pé wọ́n ń fi tọrẹ. Ìsọ̀ ni mo dé, tí mo dúró ti ọmọdébìnrin tó ń kọ ọ́, kí n tó mọ̀.

Ti kàlẹ́ńdà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún dójú tì mí. Ní 2023 mo fi àwòrán kan han Àlàájà: títà oṣù Keje já wálẹ̀ gan-an sí ti oṣù Keje 2022. Mo ti múra àlàyé sílẹ̀, ọ̀wọ́n gógó, owó epo, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Iléyá èṣí, oṣù wo ló bọ́ sí?" Mo panu mọ́. Ní 2022, ọjọ́ 11 oṣù Keje ni Ojúde Ọba. Ní 2023, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùpá la sì fi ń ka Iléyá, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà tó ń jáde níbi Ojúde Ọba, ṣe ń ra aṣọ kò ní bi mí ìdí tí ọjà oṣù Keje 2023 fi já wálẹ̀. Wọ́n ti ra tiwọn tán ní oṣù Kẹfà.

Mo wá fi òpó kan kún table ọjọ́ mi: ọjọ́ mélòó ló kù kí Ojúde Ọba dé. Ogójì ọjọ́ ṣáájú ti ọdún yìí ni mò ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ogójì ọjọ́ ṣáájú ti èṣí. Àwòrán náà yí padà pátápátá. Mo tún fi ọjọ́ ọjà sí i, nítorí ọjà ọrọọrún kan tí àwọn oníbàárà ìsọ̀ Ṣàgámù ń ná. Ìgbà àkọ́kọ́, márùn-ún márùn-ún ni mo ní kí kọ̀ǹpútà máa kà, gbogbo ẹ̀ sì ṣáko lọ. Àwa máa ń ka òní mọ́ ọn. Mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi kún un.

Ẹ tún ṣọ́ aago. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni BigQuery, àká dátà ti Google, ń lò bí ẹ ò bá sọ fún un, wákàtí kan ló sì fi wà lẹ́yìn tiwa. Owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù yóò bọ́ sínú oṣù tó kọjá. Bó bá sì jẹ́ pé iye dátà tí ìbéèrè yín kà ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ má rò pé LIMIT 10, tó ní kó fi ìlà mẹ́wàá péré hàn yín, máa dín in kù. Òpó-òpó ló ń kà á, tí ẹ bá kọ SELECT *, ẹ ti ní kó ka gbogbo òpó nìyẹn. Ẹ dárúkọ èyí tí ẹ nílò.

Báyìí, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Àlàájà á gbé ìwé búlúù jáde, a jọ kà á. Lóṣù tó kọjá, ₦40,000 ló yàtọ̀ láàárín wa. Mo ti ń wá ibi tí JOIN mi ti ṣì nígbà tí wọ́n pa ìwé dé, tí wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Gèlè kan ni. Àbúrò wọn gbé e lọ òde, kò tíì sanwó, wọn ò sì kọ ọ́ sínú ìwé torí wọ́n mọ̀ pé kò ní san.