Kí ẹ tó gbin igi sí àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀

Ilẹ̀ gbalasa kékeré kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí Ìta Ìjẹ̀bú. Igi máńgòrò kan àti dóńgóyárò méjì ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tí mo ti Èkó dé, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ síbẹ̀, iyanrìn, ewé gbígbẹ àti ewúrẹ́ nìkan lojú mi rí. Mo ní àfi ká sọ ọ́ di ọgbà. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin dáwó jọ, 45,000 sẹ́fà. A ra koríko títẹ́ àti òdòdó, a fi ọparun sọgbà yí i ká. Ó rẹwà. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ará Èkó tí mo mọ̀.

Kò pé oṣù méjì tí kò fi sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́. Èmi ń bínú, mo ní ará àdúgbò ò mọyì ohun tó dáa. Ọjọ́ tí mo lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó máa ń dáná lábẹ́ máńgòrò yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo bá a, oòrùn ń na án lórí. Ó wò mí títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta lẹ bi? Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń gbá ibẹ̀ yẹn." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo sanwó àkàrà.

Ọyẹ́ dé, koríko gbẹ, ewúrẹ́ ya ọgbà wọlé. A ò tún un ṣe. Àwọn èèyàn bá padà síbẹ̀, èmi náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń wò wọ́n. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìgbálẹ̀ ìyá máa ń dún. Kó tó gbá a tán, obìnrin méjì mẹ́ta á ti wá já ewé dóńgóyárò tí wọ́n fẹ́ fi se àgbo ibà. Lọ́sàn-án, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì á sùn sórí bẹ́ǹṣì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pọ́n ayò gba apá kan, ọmọ ilé kéwú gba apá kejì. Lọ́jọ́ Sátidé, àtíbàbà ìnáwó. Ibòòji ni wọ́n ń fẹ́. Koríko ní tiwọn, ilé ejò ni.

Ẹ má rò pé ojú dúdú ló ń ṣe wọ́n. Francis Kéré, ayàwòrán ilé ọmọ Burkina Faso tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022, igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ ṣàpérò náà ló wò nígbà tó ń ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti Àjàṣẹ́ yìí. A sì ní ọgbà igi ńlá nínú ìlú, igbó ọba tí àwọn Faransé sọ di ọgbà ìdánwò irúgbìn kí 1900 tó pé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá ni mo fi ń débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Abẹ́ máńgòrò yìí, ojoojúmọ́ ni.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbin igi lọ́jọ́ yẹn, òjò wà nílẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má yan ojú ibẹ̀ fúnra yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ń ta àtíbàbà sí. Ẹ jìnnà sí ògiri, nítorí gbòǹgbò. Kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tí yóò máa bomi rin ín tí oṣù kìíní ọdún bá dé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀yin ti gbàgbé ẹ̀.

Igi fúrúùtù kan la tún gbìn. Ìyá ló fẹsẹ̀ fa ilẹ̀ níbi tó fẹ́ ẹ sí, lápá ibi tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé bá a. Omi tó fi fọ ẹ̀wà ló ń dà sí i. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tún rú, mo sì ṣì jẹ ìyá lówó agbọ̀n tó rà yí i ká, 500 sẹ́fà, tó ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá ra àkàrà.