Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: eré wúlò fún ìtọ́jú ọkàn ọ̀dọ́langba náà

Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ọkàn gbà pé eré tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń darí, èyí tí Virginia Axline, olùtọ́jú ọkàn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé ka ẹ̀kọ́ Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn, kò kọjá ọmọ ọdún 10. Èmi ò gbà. Ẹ da ìbéèrè bo ọmọ ọdún 13 lórí àga, orí lásán ni yóò máa mì. Ẹ fún un ní amọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dí, ọ̀rọ̀ á sì rọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ tún yàrá ṣe. Bí ọmọláńgidi bá kún iwájú, ọ̀dọ́ á ní ẹ fi òun ṣe ọmọdé. Amọ̀, ọ̀dà, káàdì, bọ́ọ̀lù rírọ̀ àti àpótí iyanrìn ni kó wà níwájú. Àpótí náà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, kó fẹ̀ tó 50, kó jìn tó 7. Ẹ kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, kí ibi tí wọ́n bá gbá iyanrìn kúrò lè dà bí omi. Ẹ má kó ohun ìṣeré ọmọdé dànù o! Ẹ tò ó sẹ́yìn. Bí ọkàn ọ̀dọ́ bá balẹ̀ tán, ó lè padà sídìí rẹ̀.

Ẹnu wa ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. A lè sọ fún ọmọ ọdún 5 pé, "O ń kó iyanrìn jọ." Létí ọ̀dọ́, ìṣọ́ni nìyẹn. Ẹ dín in kù, kí ẹ sọ bó ṣe ń ṣe é lọ́kàn: "Inú bí ẹ nígbà tó wó." Bó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbà, ẹ má jiyàn. Ẹ má yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ṣe é nítorí ojú yín. Ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí nínú káàdì pẹ̀lú; yóò fura, kò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Bó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lu fèrèsé, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe é ṣáájú, kí òfin tẹ̀ lé e, kí ọ̀nà mìíràn kẹ́yìn: "Mo rí i pé inú ń bí ẹ. A kì í ju nǹkan lu fèrèsé. O lè jù ú lu ògiri yẹn." Bí òfin bá ṣáájú, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 45 sí 50 tó fún ìjókòó kan. Ẹ kìlọ̀ fún un bó bá ku 5.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àṣírí rẹ̀ kò ní dé etí òbí, àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Kí ẹ tó pàdé òbí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ bá wọn sọ fún un, kí ẹ sì bi í bóyá òun náà yóò jókòó níbẹ̀.