Ìwé Tí Mo Yá, Ìwé Tí Mo Ní

Bí ènìyàn bá jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ìgboro Manchester kọjá, tí ẹnì kan bá sì bá a sọ̀rọ̀ rárá, ohun tí onítọ̀hún máa bi í ni bóyá ìwé náà dùn. Bó bá jókòó pẹ̀lú ìwé kan náà ní Ọláìyá ní Òṣogbo, tó ń dúró de ọkọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánwò wo lẹ fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè méjèèjì yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kó wá sí ìlú Ọba, nítorí inú wọn ni mo ti rí ojú tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń wo ìwé.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé ará Òṣogbo kì í kàwé. Ẹ dé ìdí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn bàbá tó yí i ká, tí wọ́n ń ka ojú ewé iwájú Aláròyé lórí ìdúró, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Nílé wa ní Òkè Fíà, Bíbélì ìyá mi kì í jìnnà sí ìrọ̀rí rẹ̀, ìwé orin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ojúlé kejì, Kùránì ni bàbá àgbà ń kà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ṣe JAMB kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju àkójọ ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo pè é lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ìwé tí kò ní ìbéèrè nínú ni kí ẹ rà fún mi." Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò bàbá mi tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ni òǹkàwé tó pọ̀ jù nínú ilé. Ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ló tún ń kà báyìí, kì í sì í dá a kà. Bí iná bá lọ lálẹ́, á gbé àga síta, á tan tọ́ọ̀ṣì, á máa kà á sókè, àwọn ọmọ ilé àti ọmọ aládùúgbò á sì pé jọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ kankan ní àdúgbò náà tí kò mọ Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà.

Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní àyíká mi ní Manchester. Oníkálukú ló ń dá tirẹ̀ kà, ọ̀pọ̀ sì ń fi etí gbọ́ ìwé láti orí fóònù bí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí ìlú náà ní, tí mo ń fi taratara fẹ́ fún Òṣogbo, ni yíyá ìwé. Láti 1850 ni òfin ti fún àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyè láti fi owó ìlú dá yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tó di 1964, òfin mìíràn sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀. Chetham's Library ti wà láàárín ìgboro Manchester láti 1653. Central Library, ilé rìbìtì ńlá tí wọ́n ṣí ní 1934, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Mi ò tíì ní ibùsùn tèmi nílùú yẹn tí mo ti ní káàdì ìkàwé. Ẹni tó fún mi ní káàdì náà kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òǹkọ̀wé ń gba owó bí àwọn ènìyàn bá ń yá ìwé rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1979 ló fi í lélẹ̀, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń san án, ẹni tó yá ìwé kò san nǹkan kan. Pẹ́nì díẹ̀ ni ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yá ìwé kan, wọ́n sì ti fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹnì kan lè gbà lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kọ ìwé mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò lọ lásán.

Yàrá ìkàwé tí èmi mọ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìwé tiwa la máa ń gbé lọ síbẹ̀. Àga àti tábìlì la bá lọ, nítorí ìwé orí pẹpẹ ti gbó, kò sì sẹ́ni tó ń fi tuntun kún un. Ó ń dùn mí, torí Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ ní ìfẹ́ ọ̀rọ̀. Ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá Mbari Mbayo, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ sí ní 1962 ni. Bí àwọn ènìyàn bá lè jókòó fún eré, fún ìjálá, fún ẹ̀sà, wọ́n á yá ìwé bó bá wà níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o.

Owó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, òótọ́ sì ni. Kò sí VAT lórí ìwé ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìlú Ọba tilẹ̀ yọ ọ́ lórí ìwé orí ẹ̀rọ pẹ̀lú ní 2020. Owó iṣẹ́ ni ọ̀nà ti pínyà. Ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Manchester lè fi owó iṣẹ́ wákàtí kan ra ìwé ìtàn tuntun, kí ṣéńjì sì kù. Ní Nàìjíríà, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 là kalẹ̀. Bí ìwé kan bá jẹ́ ₦7,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ti lọ nìyẹn, a ò sì tíì ra gàrí. Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí púpọ̀ nínú ìwé wa ti ń wá, kò jìnnà sí Òṣogbo. Bébà ló ń ti òkèèrè wá, torí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Òkù-Ìbókù kò mú ohun tí a retí jáde. Bí náírà bá ti ja wálẹ̀, ìwé á gbówó lórí.

Ìdí nìyí tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ lórí WhatsApp pé, "Ẹ bá mi fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́." Mi ò lè bá ọmọ tí kò lówó, tó sì fẹ́ kàwé, jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà lójoojúmọ́, tó ń lo fóònù olówó ńlá, tó wá ń pín ìwé òǹkọ̀wé tó ṣì wà láàyè kiri, oúnjẹ ló ń gbà lẹ́nu onítọ̀hún. Èdè Yorùbá ló sì ń jìyà rẹ̀ jù, torí àwọn tó ń fi í kọ̀wé kò pọ̀.

Ní ti níní ìwé, Òṣogbo ló kọ́ mi. Bí bàbá mi bá ra ìwé fún wa, kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń dá ẹ̀wù fún un lọ́jọ́ náà gan-an, a ó wá kọ orúkọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, a ó sì tún kọ ọ́ sí etí ìwé níbi tí gbogbo ewé ti pàdé. Ìwé ẹ̀gbọ́n á di ti àbúrò, orúkọ á máa gun orúkọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú káńfọ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, torí ikán kì í bèèrè kó tó jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá yá ọ̀kan, ìyá mi á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú Bíbélì ìyá bàbá mi ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ilé sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wo ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìwé tí mo yá ní Manchester kò lè ṣe èyí fún mi. Mi ò lè fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó wọ̀ mí lọ́kàn, mi ò sì lè fi í jogún fún ọmọ.

Àwọn ará ibẹ̀ náà ń ra ìwé, àmọ́ wọn kì í pẹ́ jù ú sílẹ̀. Ilé há, àwọn ayálégbé ń kó láti ibì kan dé ibì kan, ọ̀rinrin ara ògiri sì ń mú kí ìwé hu funfun. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kún fún ìwé tó mọ́ tónítóní, pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn méjì. Ayọ̀ ńlá ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, mo ti ṣí ìwé kan níbẹ̀ rí tí ọmọ kan kọ̀wé sí inú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó sì dùn mí nítorí ẹni tí mi ò mọ̀. Mo ra ìwé náà, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ìwé orí ẹ̀rọ wúlò, mo ń kà á ní ìsinmi iṣẹ́ òru. Mi ò kàn gbà pé mo ní in. Ní 2009, Amazon yọ àwọn ìwé kan kúrò lórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle àwọn tó ti sanwó wọn, ó sì dá owó padà. Àwọn tó sùn pẹ̀lú ìwé jí, wọn ò bá a mọ́. Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní 2013 jẹ́ èrò rere, torí ọ̀pọ̀ ìwé tí òbí kò lè rà ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá fọ́, gbogbo ìwé inú rẹ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ewé kan bá já nínú ìwé bébà, ìyókù ṣì wà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí sí Manchester ló jẹ mí lógún jù báyìí. Wọ́n ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì nílé, wọ́n sì ń yá òmíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá tó jẹ́ tiwọn, tí orúkọ wọn wà níwájú rẹ̀, ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, bí mo bá ń lọ sílé fún ọdún Ọ̀ṣun, ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kó lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ń padà, ìwé àlọ́ àti ìwé ABD ni mo ń kó bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá sí Manchester láti Òṣogbo, kílò 23 ni àpótí kan sábà máa ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ din ẹ̀lùbọ́ kù díẹ̀, kí ẹ fi ìwé ọmọdé méjì sí i. Èmi fúnra mi á wá pàdé yín ní pápákọ̀, mà á sì san owó ìwé náà lójú ẹsẹ̀.