Bí Síìlì Tuntun Bá Tún Ń Jò, Ọ̀pá Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra frídọ̀mù lọ́dún yìí, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú táyà iwájú, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Iṣẹ́ tó ń padà wá ló ń dùn mí. Ọlọ́kadà á sanwó síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lára ṣọ́ọ̀kì iwájú, á sanwó iṣẹ́, á máa ná Láfẹ́nwá sí Pánṣẹ́kẹ́ tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta níbí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ́ìlì á ti tún máa ṣàn wálẹ̀ lára ṣọ́ọ̀kì. Ẹ ó wá wí fún un pé síìlì tí wọ́n ń tà lóde báyìí kò dáa mọ́. Ẹ ó ta òmíràn fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, síìlì yẹn kò ṣẹ̀ yín rárá.

Ẹ̀kọ́ kìíní kò gùn. Kí ẹ tó yọ ọ̀pá, irin dídán tó ń wọlé tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀kì, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì nígbà tí bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀kadà ṣì di ọ̀pá mú. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀ tán, fáìsì lẹ máa wá kì í bọ̀, fáìsì ló sì ń ha ọ̀pá. Sípírìǹgì ń ti nọ́ọ̀tì náà láti ìsàlẹ̀ o. Bó bá kù díẹ̀ kó jáde, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú yín kúrò lókè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nísàlẹ̀, níbi bọ́ọ̀tì alẹ́ǹ tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá ń yí i tó kàn ń yí lásán, ọ̀pá kékeré tó wà nínú ló ń bá a yí. Ẹ má tíì yọ sípírìǹgì. Ẹ dá nọ́ọ̀tì òkè padà, kí ẹnìkan gbé ara lé ṣọ́ọ̀kì kó wọlé, kí agbára sípírìǹgì lè di ọ̀pá kékeré náà mú, kí ẹ wá yí bọ́ọ̀tì. Wọ́ṣà bàbà tó wà lára bọ́ọ̀tì yẹn, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Bí ẹ bá dá ti àtijọ́ padà, ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa jò, ẹ ó sì máa bú síìlì tó wà lókè.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀kì, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ètè rọ́bà ni síìlì ní, sípírìǹgì tín-ín-rín kan sì yí ètè náà ká, tó ń fún un mọ́ ara ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá dán, ètè yóò máa nu ọ́ìlì padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgboro wa. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni kò ní ọ̀dà, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Bó bá gbẹ, yanrìn inú rẹ̀ á máa ha kuróòmù, awọ dídán tó bo ọ̀pá, ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá kó sí kòtò. Bí rọ́bà eruku bá ti ya, tàbí tí ẹnìkan ti gé e sọnù, ó tán nìyẹn. Omi á wọ abẹ́ kuróòmù, ìpatà á hó, kuróòmù á bẹ́, á sì fi ihò kékeré sílẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá ti wọlé tó jáde, ihò yẹn á gé díẹ̀ lára ètè síìlì. Bẹ́ẹ̀ ni síìlì tuntun ṣe ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ẹ bá tún fi sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò kú. Ìkẹta ńkọ́? Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ni, kéèyàn máa pa làpálàpá.

Ẹ fi kẹrosíìnì nu ọ̀pá, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi èékánná tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, yípo yípo. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún: ibi tó bá ti fa òwú, ibẹ̀ ni ọ̀tá wà. Èyí tó bá wà lókè pátápátá, níbi tí síìlì kì í dé, kò ṣe nǹkan kan, ẹ má fi dẹ́rù ba oníbàárà. Èyí tó wà níbi tí síìlì ń gbà kọjá ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá kéré, ẹ fi sáńpépà 1000 tàbí 1200 tí ẹ ti fi ọ́ìlì rin pa ẹnu mímú rẹ̀. Yíyí ọ̀pá ká ni kí ẹ fà á. Bí ẹ bá fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú ọ̀nà lẹ ń là fún ọ́ìlì yẹn. Ihò tó bá jìn díẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ oníméjì dí i, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi sáńpépà mú un bára ọ̀pá dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí kuróòmù bá ń bó, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó ra síìlì. Inú rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kó bàjẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan mọ gbogbo èyí, wọn kì í sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ọmọ á sìn wọ́n fún ọdún mẹ́ta, á gba frídọ̀mù, kò tíì fi èékánná kan ọ̀pá rí. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ máa gba ọmọ lọ́la, ẹ fi ọwọ́ wọn lé ọ̀pá náà kí wọ́n fi ara wọn mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀pá bá dán tí síìlì ṣì ń jò ńkọ́? Ẹ yí ọ̀pá lórí gíláàsì pẹrẹsẹ, ẹ ó rí i bó bá tẹ̀. Ẹ ki í bọ inú ilé rẹ̀, irin ìsàlẹ̀ tó ń wọ̀, láìsí síìlì, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré kò ní búúṣì tí wọ́n ń pààrọ̀, ara ilé náà ni ọ̀pá ń gùn. Bí ilé bá ti jẹ gbòòrò, kò sí síìlì tí yóò di ohun tó ń mì bẹ́ẹ̀ mú.

Síìlì náà ní nọ́ńbà lára, bíi 31, 43 àti 10.3: inú, ẹ̀yìn àti gíga, ní mìlímítà. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Bí ẹ bá ń yọ ti àtijọ́, ẹ fi pákó kékeré sí ètí ilé kí díráfà má baà ha á. Ẹ fi ọ̀rá wé ẹnu ọ̀pá, ẹ fi ọ́ìlì kùn ún, kí ẹ tó ki síìlì tuntun bọ̀ ọ́. Ojú tó ní sípírìǹgì ló ń kọjú sí ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ẹ gbé ti àtijọ́ lé e lórí, ẹ fi páìpù tó bá a mu lù ú wọlé yípo, títí ojú ibi tí kílíìpù ń wọ̀ yóò fi hàn pátá. Ẹ má fi díráfà lu ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ́ìlì wá. Ti ṣọ́ọ̀kì, SAE 10W, ló yẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. 20W-50 ti ẹ́ńjìnì ti ki jù, ṣọ́ọ̀kì á le, á sì máa lọ́ra láti padà. Iye tí ìwé ọ̀kadà náà bá kọ ni kí ẹ rọ. Ti àwọn kékeré sábà máa ń wà láàárín 100 sí 200 mìlílítà fún ẹsẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ ìgúnni ńlá láti ilé oògùn sì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá rọ ọ́ jù kò ṣe oore: afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà lókè kò ní ráyè, bí ọ̀kadà bá fi èrò méjì kó sí kòtò, ìfúnpá á máa ti síìlì jáde. Ẹ fa ọ̀pá sókè sódò ní ìdákẹ́jẹ́ nígbà mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ jẹ́ kó wọlé tán láìsí sípírìǹgì, ẹ fi rúlà wọn àti ẹnu ọ̀pá dé ojú ọ́ìlì. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí ọ́ìlì bá ti ta sí díìsìkì búréèkì, ẹ fi oògùn ìfọ búréèkì (brake cleaner) fọ díìsìkì náà, kí ẹ sì pààrọ̀ páàdì tó ti mu ún.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun nu ọ̀pá, kí ẹlòmíràn gun ọ̀kadà náà lọ sórí òkè kan kó sì padà. Díẹ̀ tó bá kọ́kọ́ rin aṣọ, èyí tí ẹ fi kùn síìlì ni. Ẹ nù ún. Bó bá tún yọ lẹ́ẹ̀kejì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ oníspéàpáàtì. Ẹ tú u, ẹ fi èékánná wá ẹ̀gbẹ́ yẹn.