Ọ̀tá Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ọjọ́ Sátidé tí mo ń gbé ìyàwó mi àti ìyá ẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìgbógbò ni Carina mi kọ jíà. Mánúwà ni o, kì í ṣe ọtọmátíìkì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi mọ́tò yìí yangàn pé kò já mi kulẹ̀ rí. Ẹnu mi ni mo fi pè é.

Láti Agric ní Ìkòròdú la ti gbéra. Màmá jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé kúlà mọ́ínmọ́ín elewé lé itan, wọ́n ní tó bá wà ní búùtù, á fọ́. Nígbà tí a ṣì ń sáré, jíà ń wọlé, bó tilẹ̀ ń kùn. Ìgbà tí a dé Gáréèjì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, mo fẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó ń já íńjìnnì kúrò lára jíà, mo ti ọ̀pá jíà sí wọ́ọ̀nù. Kẹ̀rrrrr! Mo tún un tì. Kẹ̀rrrrr! Kọ́ńdọ́ dáńfó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọrí síta:

"Alàgbà, ṣé ata lẹ̀ ń lọ̀ ni?"

Mo pa íńjìnnì. Ọ̀pá jíà wọlé wọ̀ọ̀, bí òkèlè ẹ̀bà tó pàdé ọbẹ̀ ilá. Mo bá fi í sí wọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, mo sítáàtì. Mọ́tò fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kúlà fò, Màmá ké "Jésù!" Bí a ṣe ń fò lọ sí Sábó nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pa á, ẹ̀ẹ̀meje ni mo sítáàtì ẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni Màmá pe Jésù.

Gbogbo Ìkòròdú ló di mẹkáníìkì. Ọlọ́kadà kan ní jíàbọ́ọ̀sì ti lọ. Agbèrò ní kí n fẹsẹ̀ pọ́ńpù ẹ̀. Ìyá tó ń ta omi ní kí n ra omi ná, orí mi á wálẹ̀. Ti Màmá yàtọ̀.

"Ayé ni. Gbogbo ọ̀tá Bàbá Ìbejì pátápátá, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ni wọ́n máa wà!"

"Àmín, Màmá." Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kẹ̀rrrrr!

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a bá ní Sábó ò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbọ́ igbe jíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní jíàbọ́ọ̀sì ni, àwọn máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ₦80,000, owó iṣẹ́ nìkan. Mo ń wojú ìyàwó mi, ìyàwó mi ń wojú ìyá ẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan ló sún mọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá pa á, ṣé ó ń wọlé?"

"Ó ń wọlé."

"Tí íńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ata ló ń lọ̀."

Ọmọ náà fi ìka méjèèjì kọ́ra wọn. "A jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni ò jáwọ́ lára íńjìnnì. Ká ní inú jíàbọ́ọ̀sì ló ti bàjẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá pa á gan-an, kò ní fẹ́ wọlé."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ife ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì, ó kún. Ó fọwọ́ pa ọ́pà tòkè àti lówà tìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì náà ń gbà, kò síbi tó ń jò. Ó ní kí n pọ́ńpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bóyá atẹ́gùn ló wọ inú ẹ̀. Ńṣe ló tún le sí i. Ó bá kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti orí bọ abẹ́ sitiárín (ojú tì mí, ìbọ̀sẹ̀ mi lu), ó fọwọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

"Sà, kò délẹ̀. Nǹkan dí i."

Ó fà á. Kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti mọ́tò, ó tún un fà. Rọ́ọ̀gì pupa olódòdó kan jáde, ó nípọn bíi búrẹ́dì, ó ti ká jọ sí ìṣẹ́po mẹ́ta. Bí mo ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti Agric ni mo ń fẹsẹ̀ ara mi tì í lọ sábẹ́ ẹ̀.

Kò sẹ́ni tí ò dá rọ́ọ̀gì yẹn mọ̀ nínú wa. Etí rọ́ọ̀gì pálọ̀ Màmá ni. Alẹ́ Fúráìdé ni wọ́n gé e wá fún mi, nítorí ẹrẹ̀ Ìkòròdú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja dúpẹ́.

Ìyàwó mi yíjú síta, ó ń wo ẹni tó ń ta ìpékeré bí ẹni pé kò rí ìpékeré rí.

"Ta ló tẹ́ èyí síbí?" ọmọ iṣẹ́ bèèrè.

Màmá wúkọ́. "Bàbá Ìbejì, ṣé iwájú ni mo ní kí ẹ tẹ́ ẹ sí ni? Ẹ̀yìn ni mo ní."

Ọ̀gá tí kò dìde látàárọ̀ dìde láti gba owó àyẹ̀wò. Mo fún un ní ₦2,000, mo ki ₦5,000 bọ ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Màmá gbọn rọ́ọ̀gì wọn, wọ́n fi tẹ́ ìdí kúlà.

Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán ká tó dé Ìgbógbò. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà, mọ́ínmọ́ín ti di èkuru.