Ẹ̀rù inú eré ni kẹ́ ẹ tún ṣe, kì í ṣe irin ara rẹ̀

Tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan bá ti kéde pé òun fẹ́ gbé eré àròsọ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kan dìde, irin lọkàn gbogbo èèyàn máa ń lọ sí: ọkọ̀ òfuurufú tí yóò máa dán, róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, aṣọ tuntun lọ́rùn àwọn òṣèré. Owó ńlá á lọ síbẹ̀, eré ọ̀hún á sì kú kó tó lo sáà mẹ́ta. Irin kì í pẹ́ di ti àtijọ́. Ohun tó jẹ́ kí eré náà wọ àwọn èèyàn lára nígbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀. Kí ló ń já àyà àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́dún tí wọ́n ṣe é? Báwo ni irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe rí lónìí? Òǹkọ̀wé tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì kó tó kọ ìlà àkọ́kọ́, àfarawé lásán ló máa ṣe.

Kò sí eré tó fi èyí hàn tó Battlestar Galactica. Glen A. Larson ló dá a sílẹ̀ fún ABC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, lọ́dún 1978. Àwọn róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cylon pa ayé méjìlá táwọn èèyàn ń gbé run; àwọn tó ṣẹ́kù kó sínú ọkọ̀ yòówù tí wọ́n rí, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo tó kù, wọ́n wá ń wá ilẹ̀ ayé wa yìí kiri. Ìtàn tó lágbára gidi nìyẹn. Àmọ́ kí ìtàn àkọ́kọ́ tó parí, tí òkú ò tíì tutù, wọ́n ti gbé àwọn èèyàn náà dé pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ilé tẹ́tẹ́ wà, wọ́n ti ń jayé. Àwòrán ogun òfuurufú gbówó lórí débi pé ìran kan náà ni wọ́n ń tún gbé jáde lọ́pọ̀ ìgbà: Viper kan náà, ọkọ̀ kékeré táwọn èèyàn fi ń jà, ló ń yí sọ́tùn-ún, ọkọ̀ Cylon kan náà ló ń fọ́. Lẹ́yìn sáà kan, ABC dá a dúró.

Ronald D. Moore, tó ti kọ̀wé fún Star Trek fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti David Eick ló gbé e padà lóṣù Kejìlá ọdún 2003. Eré alápá méjì ló kọ́kọ́ jẹ́ lórí Sci Fi Channel, ó wá di eré onísáà mẹ́rin tó parí lọ́dún 2009. Wọn ò fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ rẹ̀: ayé méjìlá, ìparun, ọkọ̀ ogun kan, ìrìn àjò. Cylon ni wọ́n yí padà. Ti 1978 kò ti ọwọ́ èèyàn wá rárá. Ti 2003, èèyàn ló ṣe é, ó ṣọ̀tẹ̀ sí ẹni tó ṣe é, ó sì ti rí bí èèyàn báyìí, tó fi jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lè jẹ́ Cylon. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìkọlù September 11 ni eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wò ó sì mọ ohun tí ìfura sí ọmọnìkejì ń ṣe fún ìlú. Gbogbo ohun tó kù nínú eré náà, látorí ìdìbò títí dórí ìfìyàjẹ ẹlẹ́wọ̀n, ara ìyípadà kan ṣoṣo yìí ló ti yọ.

Ibi tí ọgbọ́n wọn tún ti wú mi lórí jù ni ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìrísí àtijọ́. Bí wọ́n bá ya ọkọ̀ tuntun pátápátá, inú àwọn olólùfẹ́ ti àkọ́kọ́ ò ní dùn. Bí wọ́n bá fi ti 1978 sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn ọ̀dọ́ ò ní kà á sí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá ìdí fún ìrísí náà nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Galactica ti dàgbà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ti ṣí ìsọ̀ ọjà ìrántí sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń balẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Adama, kò gbà kí wọ́n so kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra láé. Fóònù oníwáyà gbọọrọ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Cylon gba inú ètò kọ̀ǹpútà wọlé, gbogbo ọkọ̀ ogun ìgbàlódé kú pii lójú òfuurufú, wọ́n sì pa wọ́n bí ẹni pa eèrà. Galactica àti àwọn Viper àtijọ́ tí wọ́n kó sílẹ̀ fún ìfihàn nìkan ló lè jà. Ẹ wo iṣẹ́ tí èyí ṣe: ohun tí olólùfẹ́ àtijọ́ ń fẹ́ rí ló gba àwọn èèyàn là, ẹni tí kò wo ti àkọ́kọ́ rí náà sì mọ ìdí tí fóònù fi ní wáyà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé eré èyíkéyìí dìde, kó mú gbogbo ohun tó ti dógbó nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó béèrè irú ayé tí ohun náà yóò fi wúlò. Èyí tí kò bá rí ìdáhùn sí ni kó yọ.

Ọ̀rọ̀ Starbuck, awakọ̀ Viper kan nínú eré náà, dà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ni Starbuck ti 1978, Dirk Benedict ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé ipò náà fún Katee Sackhoff, ariwo pọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀: sìgá, tẹ́tẹ́, orí kunkun, ọwọ́ tó mọ ọkọ̀ wà ju ti gbogbo èèyàn lọ. Wọ́n wá fi ọgbẹ́ kan kún un. Òun ló jẹ́ kí Zak, ọmọ Adama, yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà nígbà tí kò yẹ kó yege, torí pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì kú nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń bá Adama ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló gbé àṣírí yìí sáyà. Sísọ ọkùnrin di obìnrin nìkan kì í gbé eré ró. Ohun tuntun tí ẹni náà gbé wá sínú ìtàn ló ń gbé e ró, ibẹ̀ ló sì yẹ kí òǹkọ̀wé ti lo ọ̀pọ̀ àkókò.

Doctor Who, eré nípa Doctor, ará ayé míì tó ń fi àpótí búlúù rìn kiri inú àkókò, tó sì máa ń gba ara tuntun tó bá fẹ́ kú, gba ọ̀nà míì, torí BBC kò pa ìtàn àtijọ́ rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń bá a lọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró lọ́dún 1989. Wọ́n gbìyànjú láti jí i lọ́dún 1996 pẹ̀lú fíìmù kan, àmọ́ ìtàn ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ dà lé olùwòran lórí: Master tó jẹ́ ọ̀tá Doctor, Dalek tó jẹ́ ẹ̀dá burúkú inú ìhámọ́ra irin, Doctor àtijọ́ tó gbọ́dọ̀ kú kí tuntun tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ti sọ nù kó tó jókòó dáadáa.

Lọ́dún 2005, ẹ̀yìn ilé ni Russell T Davies, òǹkọ̀wé tó jí eré náà padà, gbà wọlé. Rose Tyler, ọmọdébìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ aṣọ ńlá kan ní London, la kọ́kọ́ rí: aago jí i, ó lọ síbi iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilé, ère tí wọ́n ń wọ aṣọ fún sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ère yìí ti wà nínú eré náà láti ọdún 1970, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ ọ́n kó tó bẹ̀rù wọn. Ohun tí Rose bá mọ̀ nìkan làwa náà mọ̀. Ó di apá kejì kí Doctor tó dárúkọ ìran rẹ̀. Fún ìtàn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà lẹ́yìn, ogun kan tí a kò fojú rí ni wọ́n fi dí i: ayé Doctor ti jóná, òun nìkan ló kù. Ìgbésẹ̀ kan yẹn mú ẹrù ìtàn kúrò lọ́rùn olùwòran, ó sì fún Doctor ní ẹ̀bi tí yóò máa gbé kiri.

Dalek ṣòro ju gbogbo èyí lọ, torí wọ́n ti fi ṣẹ̀fẹ̀ ní Bìrìtéènì fún ọ̀pọ̀ ọdún: agolo tó ń yí gbirigbiri, tó di ọ̀pá rọ́bà mú, tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Kí ni wọ́n ṣe? Nínú apá tí Robert Shearman kọ, wọn ò yí ìrísí rẹ̀ padà púpọ̀, ohun táwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín gan-an ni wọ́n sọ di ẹ̀rù. Ọ̀pá rọ́bà yẹn ló fi pa èèyàn, òun náà ló fi ṣí ilẹ̀kùn onínọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n sá gun àtẹ̀gùn, ó dúró nísàlẹ̀, ó wò wọ́n, ó sì gbéra sókè. (Dalek ti gun àtẹ̀gùn lọ́dún 1988, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò rí i.) Dalek kan ṣoṣo ni wọ́n lò ní gbogbo apá náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ì bá kéré ká ní wọ́n kó ọgọ́rùn-ún jáde.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wà, kò sì pọ̀. Ẹ fún ọmọdé ní pẹ́ńsù kó ya eré náà láti inú orí. Ohun tó bá yà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Àpótí búlúù ni fún Doctor Who. Ẹ tún fi ohun tí etí lè dá mọ̀ láti yàrá kejì sílẹ̀. Ìró àpótí yẹn, Brian Hodgson ló ṣe é nípa fífi kọ́kọ́rọ́ ha okùn dùùrù àtijọ́ kan. Delia Derbyshire ló fi tépù gé orin ìbẹ̀rẹ̀ tí Ron Grainer kọ, tó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lọ́dún 1963. Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ nínú ti 2005, Murray Gold kàn fi ohun èlò orin kún orin náà ni.

Ìṣirò àkókò ń ba eré jẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Apá oníṣẹ́jú 25 ni Doctor Who àtijọ́, ìtàn kan lè gba apá mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ti 2005 jẹ́ apá 13, ìṣẹ́jú 45 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo sísá lọ sá bọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n fi ń fa ìtàn gùn tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ kúrò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣe ju apá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ lọ́dún, ìdẹwò wọn sì yàtọ̀: wọ́n máa ń fa ìtàn kan ṣoṣo la gbogbo rẹ̀ já, apá kẹrin á sì ṣófo. Star Trek: Strange New Worlds, tó jáde lọ́dún 2022 pẹ̀lú apá mẹ́wàá, fi hàn pé kò pọn dandan; apá kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀ tó parí, bíi ti Star Trek àkọ́kọ́ lọ́dún 1966. Apá tí wọ́n yà sínú yàrá tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ kì í náni lówó púpọ̀, ó sì lè dára jù lọ. Apá tí Galactica fi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, “33”, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: ní gbogbo ìṣẹ́jú 33 àwọn Cylon á dé, wọ́n á sì tún sá, kò sẹ́ni tó sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ó gba Hugo, àmì ẹ̀yẹ fún àròsọ sáyẹ́ǹsì.

Eré míì kú nítorí bí wọ́n ṣe gbé e jáde. V tuntun, eré nípa àwọn àjèjì tó ti òfuurufú wá sáyé, bẹ̀rẹ̀ lórí ABC lóṣù Kọkànlá ọdún 2009. Wọ́n fi apá mẹ́rin hàn, wọ́n dá a dúró títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtara àwọn olùwòran sì ti rọlẹ̀. Bionic Woman ti 2007 kò ju apá mẹ́jọ lọ, torí ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé bá a lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá lè parí ìwé gbogbo sáà kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé lọ́yà. Ẹni tó ní orúkọ eré lè máà ní ẹ̀dá inú rẹ̀. BBC ló ni Doctor Who, àmọ́ àwọn tó ń ṣàkóso ogún Terry Nation, òǹkọ̀wé tó dá Dalek sílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí i. Lọ́dún 2004 ọ̀rọ̀ wọn forí ṣánpọ́n fún ìgbà díẹ̀, Shearman sì ní láti kọ ìwé míì tó ní ẹ̀dá míì nínú kí wọ́n tó fẹnu kò. Gbogbo apá tó bá rọ̀ mọ́ nǹkan oní-nǹkan gbọ́dọ̀ ní àrọ́pò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn òṣèré àtijọ́, ẹ má fi wọ́n ṣe àlejò ìṣẹ́jú kan tó kàn wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Richard Hatch, tó ṣe Apollo, ọmọ Adama, nínú Galactica lọ́dún 1978, di Tom Zarek nínú ti tuntun, ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú tó ń ta ko ìjọba, òun àti Apollo tuntun sì kojú ara wọn. Nínú Doctor Who ti 2006, Elisabeth Sladen padà gẹ́gẹ́ bíi Sarah Jane, tó ti bá Doctor rìn nígbà àtijọ́, ó pàdé Rose, Rose sì wá mọ̀ pé Doctor ti fi àwọn míì sílẹ̀ rí àti pé ó lè fi òun náà sílẹ̀. Wọ́n dúró de sáà kejì kí wọ́n tó mú un wá, nígbà tí àwọn olùwòran tuntun ti nífẹ̀ẹ́ Rose tó láti bá a bẹ̀rù, ó sì wọ̀ wọ́n lára débi pé Sarah Jane ní eré tirẹ̀ lọ́dún 2007.