Kí Ẹ Tó Gbé Ìgò Yẹn Dé Láàbù

Bí wọ́n bá gé ẹran níbi kókó ọmú yín, tàbí ti ẹni yín, ẹ má kàn béèrè bóyá jẹjẹrẹ ni. Ẹ tún béèrè irú purotéènì tó wà lára rẹ̀.

Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Purotéènì mẹ́ta la máa ń wá: ER àti PR, tí hòmóònù obìnrin máa ń so mọ́, àti HER2, tó máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà. HER2 wà lára sẹ́ẹ̀lì tó dáa náà, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á máa bí sí i láìdúró, jẹjẹrẹ náà á sì tètè ràn lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Lọ́dún 1987, Dókítà Dennis Slamon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jẹjẹrẹ tí jíìnì HER2 (ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú HER2 jáde) ti pọ̀ lápọ̀jù máa ń tètè padà. Nígbà tó di 1998, wọ́n fọwọ́ sí trastuzumab níbẹ̀, oògùn tó ń lépa HER2 gan-an. Láti 0 dé 3+ la máa ń fi díwọ̀n HER2. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 3+, ìyẹn ni pé HER2 pọ̀ gan-an, lè rí i lò, bí owó bá wà o. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ 2+, kò tíì yanjú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò FISH kún un, èyí tó ń ka iye jíìnì HER2 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Àmọ́ ẹran tó bàjẹ́ lọ́nà ló ń dà wá láàmú jù. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n sábà máa ń gbé ìgò fún pé kó gbé e wá. Mo ti gba èyí tó wà nínú omi iyọ̀, mo ti gba èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Ẹran tó ti ń rà lè gbé èsì tí kì í ṣòótọ́ jáde, wọ́n á wá ní kò sí HER2 níbi tó wà. Nítorí náà, ẹ wo inú ìgò kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù: fọmalíìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó sì bo ẹran náà dáadáa, láàárín wákàtí kan tí wọ́n gé e. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má gbé e sílé di Mọ́ńdè. Tó bá ti ju wákàtí 72 lọ nínú fọmalíìnì, àyẹ̀wò náà kò ṣeé gbára lé mọ́.

Láàbù máa ń fi ìda mọ ẹran tó kù. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, torí ọsibítù mìíràn lè fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí jẹjẹrẹ náà bá sì yọjú níbòmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè gé tuntun níbẹ̀. HER2 ti ọmú àti ti ẹ̀dọ̀ lè má bára mu.